Àtòjọ Ni Ìpìlẹ̀ Ètò: Bí Orin àti Fídíò Yorùbá Ṣe Ń Gba Orí Ayélujára Dé Lake Arbor

Lake Arbor jẹ́ àdúgbò kan ní agbègbè Prince George's ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì wà ní ìlà-oòrùn òpópónà ńlá tí ó yí Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, ká. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, wọ́n sì mọ àdúgbò náà mọ orin, nítorí pé àjọ̀dún orin jáàsì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè máa ń wáyé nínú oṣù Keje. Àwọn ọmọ Yorùbá ti fìdí múlẹ̀ káàkiri agbègbè Prince George's yìí, débi pé ìjọ Rìdíìmù ní ilé ìsìn ńlá kan, Victory Temple, ní ìlú Bowie tí kò jìnnà sí Lake Arbor. Nínú ilé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìròyìn àti orin láti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ìsìn tí ń lọ lọ́wọ́ ní Redemption City lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti sinimá bí Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní ọdún 2022, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀nà náà.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti ní makirofóònù tí ó dára, kámẹ́rà tí ó mọ́ àti ohùn tí ó dùn, ti ní ohun gbogbo tí ètò orí ayélujára nílò. Èrò yìí kò tó, nítorí pé láàárín ẹnu olóòtú àti etí olùgbọ́, ohun kan wà tí ó ń pinnu bóyá ètò yóò dé tàbí kò ní í dé, ohun náà sì ni àtòjọ. Oríṣi àtòjọ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: èkíní ni àtòjọ orin tí olóòtú fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, tí ó fi mọ èyí tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e, èkejì ni fáìlì àtòjọ, ìyẹn ìwé kékeré tí ẹ̀rọ ń kọ fún ẹ̀rọ, tí fóònù olùgbọ́ fi ń mọ ohun tí yóò béèrè fún. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èkejì yóò pàdánù olùgbọ́, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èkíní yóò fi ẹ̀tọ́ olórin dù ú. Nítorí náà, ìtọ́jú kan náà ni ó yẹ àwọn méjèèjì.

Bí a ṣe ń gé ètò sí wẹ́wẹ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1994 ni WXYC, rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì North Carolina ní ìlú Chapel Hill, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò rẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ó sì di ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Progressive Networks gbé RealAudio jáde, èyí tí ó mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn bí ó ṣe ń wọlé, láìdúró kí odidi fáìlì kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1997 ni Winamp, ohun èlò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbọ́ orin, dé, kò sì pẹ́ tí SHOUTcast, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe, fi tẹ̀lé e, tí ẹnikẹ́ni tí ó ní kọ̀ǹpútà fi lè dá rédíò sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn ni fáìlì tí a ń pè ní M3U gbòde, ìyẹn fáìlì tí kò ní ohùn kankan nínú, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ni, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń dárúkọ orin kan tàbí àdírẹ́sì kan, tí ẹ̀rọ yóò sì máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àìpé ọ̀nà àtijọ́ ni pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, ní láti di okùn kan mú fún olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì mì díẹ̀, okùn já, ohùn dákẹ́. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Apple gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ tí ó pè ní HTTP Live Streaming, tí àwọn oníṣẹ́ ń gé kúrú sí HLS. Nínú ọ̀nà yìí, a ń gé ètò sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ fáìlì lásán tí fóònù ń béèrè fún gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń béèrè fún àwòrán lórí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì M3U àtijọ́ náà ni wọ́n tún ṣe tí ó fi di M3U8, tí ó ń to orúkọ àwọn ègé náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀nà mìíràn tí ó jọ ọ́, MPEG-DASH, di ìlànà àgbáyé ní ọdún 2012, wọ́n sì tẹ ìlànà HLS fúnra rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 8216 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017.

Bí a bá ṣí fáìlì àtòjọ ètò tí ń lọ lọ́wọ́ wò, ohun tí a óò rí kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé M3U ni fáìlì náà. Òmíràn ń sọ bí ègé tí ó gùn jù lọ ṣe gùn tó, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6. Òmíràn ń sọ nọ́ńbà ègé tí ó wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn ègé yóò tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣe ègé tuntun tán, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, yóò yọ ti òkè kúrò, yóò sì fi oókan kún nọ́ńbà náà, nígbà tí fóònù olùgbọ́ yóò máa padà wá ka fáìlì náà ní gbogbo ìgbà láti mọ ohun tuntun tí ó dé. Bí ètò bá parí, ó yẹ kí a kọ ìlà kan tí ó ń sọ pé ó tán. Bí a kò bá kọ ọ́, fóònù yóò máa dúró de ègé tí kò ní í dé láéláé, àmì òbìrípo yóò sì máa yí lójú rẹ̀.

Ìlànà HLS sọ pé ohun èlò olùgbọ́ kò yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó sún mọ́ ìsàlẹ̀ àtòjọ ju ìwọ̀n ègé mẹ́ta lọ, kí ó lè ní ohun tí yóò máa lò bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe ségesège. Ègé mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6 ti di ìṣẹ́jú-àáyá 18 kí a tó ka àkókò tí ẹ̀rọ fi fún ohùn pọ̀ àti èyí tí ó fi rìn lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń wo ìsìn láti Lake Arbor fi máa ń gbọ́ “Àmín” lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Redemption City ti ṣe tirẹ̀ tán lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣẹ̀ nínú èyí. Iye tí olùṣètò san fún ìfọ̀kànbalẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ dín in kù ní láti gé ègé kéékèèké sí i, kí ó sì gbà pé ètò lè máa dúró lemọ́lemọ́ fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára.

Àtòjọ kan tún wà lókè àtòjọ, èyí tí kì í dárúkọ ègé bí kò ṣe ipele dídára: fídíò ńlá fún tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀, èyí tí ó kéré fún fóònù, àti ohùn nìkan fún ẹni tí ó wà nínú mọ́tò. Ohun èlò olùgbọ́ ni yóò máa wọn agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, tí yóò sì máa bọ́ láti ipele kan sí òmíràn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré, nítorí pé fídíò tí ń gba mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò jẹ gígábáìtì 2.25 ní wákàtí kan, nígbà tí ohùn nìkan tí ń gba kílóbíìtì 64 kò ní í jẹ tó mẹ́gábáìtì 29. Olùṣètò tí ó bá fi ipele ohùn nìkan sílẹ̀ láìṣe, torí pé fáíbà ti wọ ilé àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ní Maryland, ti ti ìyá wọn tí ń ra dátà ní Ìṣẹ́yìn mọ́ta.

Ọ̀nà tí ètò ń gbà dé

Bí ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn bá ní olùgbọ́ 1,000 ní òkè òkun, tí olúkúlùkù sì ń gba kílóbíìtì 64, tí sáfà kan ṣoṣo ní ọgbà ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń dá gbogbo wọn lóhùn, mẹ́gábíìtì 64 ni yóò máa jáde láti ọgbà náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí kò ju kílóbíìtì 64 lọ, ni ó yẹ kí ó kọjá òkun. Ìṣòro yìí ni Tom Leighton àti Daniel Lewin, tí wọ́n pàdé ní yunifásítì MIT, dá ilé-iṣẹ́ Akamai sílẹ̀ láti yanjú ní ọdún 1998. Oníṣòwò aṣọ ní ọjà Gbági kì í retí kí gbogbo oníbàárà rẹ̀ láti Ilọrin, Àkúrẹ́ àti Kútọnu wá bá a ní Ìbàdàn. Yóò kó ọjà sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù lè rà á nítòsí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpínkiri ṣe ń fi ẹ̀dà ègé kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí ọ̀pọ̀ sáfà tí ó sún mọ́ àwọn olùgbọ́.

Àwọn ará Lake Arbor wà ní ibi tí ó rọgbọ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ìhà kejì odò Potomac, ní nǹkan bíi 60 kìlómítà sí wọn, ni Ashburn wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tí àwọn ilé sáfà pọ̀ sí jù lọ ní ayé. Ìtàn èyí ti pẹ́, nítorí pé ní ọdún 1992 ni wọ́n ti dá MAE-East sílẹ̀ ní àríwá Virginia, tí ó jẹ́ oríta tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé láti gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn, àríwá Virginia yìí náà ni Amazon sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sáfà rẹ̀ ní ọdún 2006. Láti Èkó dé Washington ju 8,000 kìlómítà lọ, ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà kò sì lè lọ kí ó padà bọ̀ ní àkókò tí ó dín ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá. Láti Ashburn, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí a bá ti fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí Ashburn, gbogbo agbègbè Prince George's lè gbọ́ rédíò Ìbàdàn bí ẹni pé ilé kejì ni ó wà.

Àmọ́ fífi nǹkan pamọ́ ní òfin tirẹ̀. Ègé tí a ti ṣe tán kì í yí padà mọ́, nítorí náà a lè fi í pamọ́ títí. Fáìlì àtòjọ ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà mẹ́fà, nítorí náà kò yẹ kí sáfà ìpínkiri mú un dání ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí a bá pa àwọn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òfin kan, tí sáfà sì di àtòjọ mú fún odidi ìṣẹ́jú kan, ètò yóò dúró gbagidi lójú gbogbo ará àdúgbò náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ègé tuntun ń jáde lọ́hùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn. Àṣìṣe yìí ṣòroó rí láti ilé-iṣẹ́, torí pé ohun gbogbo ń lọ geerege níbẹ̀. Ẹni tí ó wà ní òdì kejì nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ṣẹ lẹ́ẹ̀mejì láìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn báńkì ní Nàìjíríà. Wáyà Equiano tí Google gbé dé Èkó ní ọdún 2022 wà lára àwọn tí kò já. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn sáfà Amazon ní àríwá Virginia dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ orí ayélujára jákèjádò ayé sì bá a dákẹ́. Èkíní fi hàn pé ibi tí ètò ti ń jáde lè ní ìpalára, èkejì sì fi hàn pé ibi tí ó ń dé náà lè ní. Olùṣètò tí ó bá ní ọ̀nà méjì láti gbé ohùn jáde, tí ó sì kọ àdírẹ́sì ilé ìpamọ́ méjì sínú àtòjọ rẹ̀, kí fóònù lè bọ́ sí èkejì bí èkíní bá kọ̀, ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í bá lójijì.

Aago àti òfin

Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n ti Maryland ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì, nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá. Nítorí náà, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní Ìbàdàn ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan òru ní Lake Arbor nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru nígbà òtútù. Ìròyìn àárọ̀ Ìbàdàn kò lè jẹ́ ìròyìn àárọ̀ Maryland, àfi bí ẹnì kan bá tọ́jú àwọn ègé náà, tí ó sì kọ àtòjọ tuntun tí yóò tún wọn gbé jáde nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ bá jí. Ìròyìn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rọrùn láti tún gbé jáde báyìí. Ètò tí orin wà nínú rẹ̀ ní òfin tí ó yí i ká.

Òfin Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Digital Millennium Copyright Act, tí ó jáde ní ọdún 1998, fún rédíò orí ayélujára ní ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí ó kárí gbogbo àgbàsílẹ̀ orin, kí onírédíò má bàa máa wá oníkálukú kiri, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ àtòjọ. Láàárín wákàtí mẹ́ta, orin inú àwo kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, méjì péré ni ó sì lè tẹ̀lé ara wọn. Orin olórin kan kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ, mẹ́ta péré ni ó sì lè tẹ̀lé ara wọn. Ètò orin tí a kéde àkókò rẹ̀ ṣáájú, tí ó gùn tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kódà ètò tí àwọn Yorùbá fẹ́ràn jù, níbi tí olùgbọ́ ti ń béèrè orin láti fi kí ọlọ́jọ́ìbí, ní ìdíwọ̀n: ó ṣeé ṣe, bí kò bá ti jẹ́ pé orin tí a béèrè, tí a sì gbé jáde kí wákàtí kan tó kọjá, ni ó gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ètò náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá rédíò sílẹ̀ ní Maryland kò lè fi odidi àṣálẹ́ Sátidé kan gbé Ebenezer Obey nìkan sáfẹ́fẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ yìí. Ó ní láti fi àwọn mìíràn là á láàárín.

Owó tí a ń san fún ìwé àṣẹ yìí ń gba ọwọ́ SoundExchange, tí ó wà ní Washington, ó sì ń pín in báyìí: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí ó ni àgbàsílẹ̀, ìdá 45 fún olórin tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú, ìdá 5 fún àwọn tí wọ́n lu ohun èlò tàbí tí wọ́n gbe orin. Ní ọdún 2021, dọ́là 0.0021 ni owó orin kan fún olùgbọ́ kan lórí rédíò tí olùgbọ́ kò sanwó fún, owó tí ó kéré jù fún ìkànnì kan lọ́dún sì jẹ́ dọ́là 1,000. Bí olùgbọ́ 1,000 bá gbọ́ orin méjìlá ní wákàtí kan, dọ́là 25.20 ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ orin jùjú mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ogún ìṣẹ́jú, dọ́là 6.30 péré ni, nítorí pé iye orin ni òfin ń kà, kì í ka bí orin ṣe gùn tó. Ẹgbẹ́ jùjú tí ó fi odidi ojú àwo kan ṣe orin kan ń gba iye tí olórin oníṣẹ́jú mẹ́ta ń gbà, èyí sì jẹ́ àìdọ́gba tí ó yẹ kí àwọn agbẹjọ́rò àti ẹgbẹ́ olórin Yorùbá gbé síwájú àwọn tí ń ṣòfin. Ti àwọn tí wọ́n kọ orin yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ bí ASCAP àti BMI ni a ti ń gba àṣẹ tiwọn. Àwọn ìjọ náà ní láti kíyè sí i: òfin yọ̀ǹda kí a kọ orin ẹlòmíràn nínú ìsìn láìsanwó, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda yẹn kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, bí ìsìn bá sì ti bọ́ sórí ayélujára, ó ní àṣẹ mìíràn tí ó yẹ kí a gbà.

Orúkọ olórin

Gbogbo òfin wọ̀nyí dá lórí orúkọ tí a kọ sínú àtòjọ. Ìròyìn tí onírédíò ń fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ olórin, orúkọ orin, àti yálà nọ́ńbà ISRC, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ oníhóró méjìlá tí a ń fún àgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí orúkọ àwo àti ti ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde. Àwọn àwo Yorùbá àtijọ́ tí kò ní ISRC pọ̀, nítorí pé wọ́n ti jáde kí a tó dá nọ́ńbà náà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé àwo Haruna Ishola sórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì pe fáìlì náà ní “Àpàlà 7”, láìkọ pé ilé-iṣẹ́ Star Records tí Haruna Ishola àti I. K. Dairo dá sílẹ̀ ní ọdún 1969 ni ó gbé àwo náà jáde, ti gé ọ̀nà tí owó lè gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn àrólé olórin náà.

Orúkọ olórin kan náà kì í sì í dúró lójú kan. Obey bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú International Brothers kí ó tó di Inter-Reformers Band. Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Green Spots kí ó tó di African Beats. “Chief”, “Chief Commander” àti “King” ń wọlé, wọ́n ń jáde níwájú orúkọ. Lójú ẹ̀rọ tí ń to orin, olórin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni gbogbo ìwọ̀nyí, yóò sì gbé mẹ́rin mẹ́rin jáde fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta, òfin yóò sì dà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àmì ohùn náà ń dá kún un: lẹ́tà ẹ́ ṣeé kọ nípa fífi àmì òkè lé ẹ, ó sì ṣeé kọ nípa fífi àmì ìsàlẹ̀ sí é, ojú ènìyàn kò ní í rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bí a bá fi ìlànà ìmúdọ́gba tí Unicode là sílẹ̀ sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní àwíjàre mọ́, nítorí pé 8 tí ó wà ní ìdí M3U8 ń tọ́ka sí UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó gba ẹ, ọ, ṣ àti gbogbo àmì ohùn wọn. Ẹni tí ó bá ṣì ń kọ orúkọ orin Yorùbá láìsí àmì lónìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe é.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Iṣẹ́ yìí kò béèrè owó ńlá, ìtọ́jú ni ó béèrè. Ó yẹ kí ìjọ tàbí rédíò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí àtòjọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ó ní ìwé kan tí a kọ orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan sí ní ọ̀nà kan ṣoṣo pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó kọ orúkọ àwo àti ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó ní ilé ìpamọ́ méjì tí kò sí ní ìlú kan náà, kí ó sì ní olùgbọ́ kan ní òkè òkun tí yóò máa sọ fún un bí ètò ṣe ń dé. Àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Maryland lè ṣe ti ẹ̀rọ, àwọn àgbà tí wọ́n mọ àwo àtijọ́ lè ṣe ti orúkọ, kò sì sí èyí tí ó lè dá a ṣe láìsí èkejì. Bí wọ́n bá jókòó ti iṣẹ́ náà pọ̀, orin tí ó bá jáde ní Ìbàdàn yóò dé Lake Arbor lódindi, owó tí ó bá ti Lake Arbor jáde yóò sì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni orin.